Àwo Kejì

Ní Tampere, nínú oṣù kejìlá,
oòrùn a yọjú bí onígbèsè, a sì tètè fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.
Mo ń ta àwo orin létí odò tó ya ìlú sí méjì.
Yìnyín ń bá ẹsẹ̀ oníbàárà wọlé,
ó ń di omi lórí pákó mi.

Ọjọ́ tí àwo kejì Hiilipiha dé,
wọ́n ti tò síta kí n tó rí kọ́kọ́rọ́.
Àkọ́kọ́ ló fa gbogbo rẹ̀:
táńgò àwọn bàbá àgbà tí wọ́n pò mọ́ gìtá tó ń ké bí ẹ̀rọ agégi,
tí wọ́n sì fi ẹkún ìyàwó àwọn ará Karelia ṣe iyọ̀ sí i.
Bí ẹja tí wọ́n yan sínú búrẹ́dì ni:
ẹni tí kò tíì tọ́ ọ wò nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.
Àbúrò wá dé.
Kò tíì rìn, wọ́n ti ń fi aṣọ ẹ̀gbọ́n wọ̀n ọ́n.

Jalmari tó ń wa tráàmù ló kọ́kọ́ fohùn:
"Wọ́n ti bà á jẹ́. Ariwo dà?
Iná ni mo sanwó fún, eérú ni wọ́n bù fún mi."
Hellevi, olùkọ́ ìṣirò, ní irọ́ ni,
ó ní orin kẹta nìkan tó owó àwo.
Ó fi ìka ka ìlù rẹ̀ lórí káńtà mi:
méje, méje, márùn-ún.
"Ẹni tó sá kíláàsì mi ló ń pè é ní àṣìṣe."
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fa fìlà bojú
ní wọ́n ti ta ara wọn fún rédíò.
Rédíò wo? obìnrin kan dáhùn,
èyí tó gùn bí ìjókòó de èsì àyẹ̀wò nílé ìwòsàn?
Ẹnu dùn-ún ròfọ́.
Èmi tí mo ń ta ìkòkò, n kò bá wọn jiyàn iyọ̀.

Orin kẹrin ló wá dá ìjà sílẹ̀.
Ìṣẹ́jú méjì gbáko, kò sí ohùn, kò sí okùn gìtá,
àfi nǹkan kan tó ń mí gùlegùle
bí ajá àgbà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Ẹni mẹ́ta dá tiwọn padà: "Ó ti họ."
Onífìlà wà nínú wọn. Mo dá owó wọn fún wọn.
Èmi náà ti pààrọ̀ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi
kí n tó gbà pé bó ṣe rí nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, Sanelma yà wọlé,
ẹni tó ń tún àkọ́díọ̀nù ṣe lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ òwú àtijọ́.
Kọfí ló wá mu.
Ó dé bi orin kẹrin, ó gbé ife kalẹ̀.
"Ti Osmo nìyẹn," ó ní.
Osmo tí a sin nígbà tí yìnyín ń yọ́,
tí gbogbo wọn ń bi mí léèrè àkọ́díọ̀nù rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé.
"Ìṣẹ́po keje, lápá òsì, ń jò.
Ọwọ́ mi ló lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Kò sẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì kankan.
Wọ́n kàn ń ṣí i, wọ́n ń pa á dé."

Jalmari wà níbẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́.
Ó pẹ́ díẹ̀.
"Síbẹ̀, orin kẹfà ò dáa."
"Kò dáa rárá," ni Sanelma wí,
ó gbé kọfí rẹ̀.

Aago mẹ́ta, ilẹ̀ ti ṣú.
Onífìlà padà wá, kò wo ojú mi.
Ó kúnlẹ̀ ti àpótí ẹ̀dínwó,
ó ń fi ìka tó ti dì
wá àwo tó họ yẹn.